Àwòrán Ṣókùnkùn, Ohùn Ò Dákẹ́

"Wọ́n ti jí fíìmù mi, Àǹtí Rúùtù. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ṣì wà nílé."

Sájẹ́ǹtì Rúùtù gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wádìí ọ̀ràn ní àgọ́ ọlọ́pàá Ọ̀mù-Àrán, wọ́n ti fi ẹjọ́ ewúrẹ́ tó sọnù sùn ún, wọ́n ti fi ẹjọ́ ọkọ tó sá lọ sùn ún. Kò tíì sí ẹni tó wá fi ẹjọ́ olè sùn ún lórí ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

"Jókòó, Mọ́láyọ̀. Nu ojú ẹ. Omijé ò lè jẹ́rìí ní kóòtù."

Mọ́láyọ̀ jókòó, ó fi etí gèlè nu ojú. "Lánàá, ìyàwó àbúrò mi lọ ra èlùbọ́ ní Òrò. Ó ń kọjá níwájú ilé fíìmù Àfísù, ó sì gbọ́ ohùn mi. Ohùn mi, Àǹtí! Ó yọjú wọlé, ó rí mi nínú tẹlifíṣọ̀n tí mò ń sáré nínú oko ẹ̀gẹ́. Fíìmù tí mi ò tíì tà fún ẹnikẹ́ni!"

"Kásẹ́ẹ̀tì tìrẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀. Òun nìkan ló wà láyé. Ẹni tó bá mi tò ó pọ̀ ní Ìlọrin pa gbogbo ìyókù rẹ́ lójú mi."

"A jẹ́ pé ẹnì kan gbé e jáde, ó dà á kọ, ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀."

Ọdún 1996 nìyẹn, nígbà tí fídíò ti gba ọjà lọ́wọ́ sinimá, tí ẹni tó bá rí kámẹ́rà kan yá lè pe ara rẹ̀ ní olùdarí. Olùkọ́ ni Mọ́láyọ̀. Ó ta ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi ya fíìmù ọ̀daràn kan tó pè ní *Olè Ọjà Òkè*. Kò sí òṣèré kan tó gba owó nínú rẹ̀. Àgbẹ̀, aránṣọ, olùkọ́, gbogbo wọn ló gbà pé bí fíìmù bá tà, àwọn á jọ jẹ ẹ́. Ìlérí yẹn ló ń ba Mọ́láyọ̀ lẹ́rù ju olè lọ.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ yan máketà," ló wí. Máketà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń gba fíìmù lọ́wọ́ ẹni tó yà á, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń pín in káàkiri. "Àwọn mẹ́ta ló fẹ́ ẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan náà ni àlejò tó wọ pálọ̀ mi láti ọjọ́ Sátidé. Bí mo bá lọ yan ẹni tó jí i, mo ti fi adìẹ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sìn nìyẹn. Kí ni n óò sọ fún àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́?"

"Dárúkọ wọn."

"Alájì Sàláwù láti Ìlọrin. Àyìsátù láti Òkè-Ọdẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fídíò, tó máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n sẹ́yìn ọkọ̀ lọ fi fíìmù han àwọn èèyàn lọ́jà. Àti Ọ̀gbẹ́ni Ambrose láti Ìbàdàn."

"Ta lọkàn ẹ fà sí?"

Mọ́láyọ̀ wo ilẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ambrose. Ó ní fíìmù mi á dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó ní èmi ni ìràwọ̀ òwúrọ̀ Ìgbómìnà."

"Ó pè ẹ́ ní kí ni?"

"Ìràwọ̀ òwúrọ̀."

Rúùtù mu tíì rẹ̀ tán. Ẹni tó bá ń pe èèyàn ní ìràwọ̀, ó fẹ́ kó máa gbé òkè ni, kí ilẹ̀ lè ṣẹ́kù fún òun. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, bó ti wù kó rí lára rẹ̀ tó.

*

Alájì Sàláwù ló kọ́kọ́ já sí wọn lọ́wọ́. Láti Sátidé ló ti dé sílé Mọ́láyọ̀, kò tíì lọ. Wọ́n bá a lábẹ́ igi máńgòrò tó ń jẹ gúgúrú, ìdí ọkọ̀ Pijó rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Alájì, níbo lẹ wà lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ibí yìí. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn lọ. Èmi ò ní ìkórè kankan, mo sùn."

"Ẹ̀yin nìkan nínú ilé?"

"Èmi àti adìẹ."

"Ìyá Fídíò ńkọ́?"

"Ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Òkè-Ọdẹ láti ìdájí."

"Kí ló wà nínú búùtù yín?"

Sàláwù dẹ́kun gúgúrú jíjẹ. "Ẹrù mi."

"Ẹ ṣí i."

Ó ṣí i pẹ̀lú ìbínú. Lábẹ́ ẹní kan ni ẹ̀rọ fídíò méjì wà. Mọ́láyọ̀ figbe ta. Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ò lè da fíìmù kọ. Méjì ni. Ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀, èkejì á máa gbọ́.

"Alájì! Oúnjẹ mi lẹ jẹ, orí bẹ́ẹ̀dì bàbá mi lẹ sùn!"

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ yá ju ojú ẹ lọ. Ẹ gbé e wọlé, kẹ́ ẹ tàn án!"

Rúùtù gbé e wọlé, ó tàn án. Kò tàn. Ó tan èkejì, kò dún. Ó bèèrè irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ, ó tú ìdérí ọ̀kan. Ibi tó yẹ kí mọ́tò rẹ̀ wà, aáyán ló ti fi ṣe ilé. Èkejì tún ṣófo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mò ń gbé wọn lọ bá ẹni tó ń ra àlòkù ẹ̀rọ ní Ọ̀ffà," ni Sàláwù wí. "Ẹ gbọ́ mi, Sájẹ́ǹtì. Bí mo bá fẹ́ jalè, ṣé Òrò ni n óò gbé ẹrù olè lọ? Òrò tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kí i? Kàdúná ni n óò gbé e lọ, níbi tí ẹnì kankan ò ti mọ Mọ́láyọ̀. Ó dáa náà. Ọjà tó ti tú sígboro, mi ò rà á mọ́. Lẹ́yìn ìpàdé ọ̀la, mo ń padà sílé."

Mọ́láyọ̀ bú sẹ́kún. Nínú mẹ́ta, ó ti ku méjì.

Rúùtù kò gbọ́ ẹkún náà dáadáa. Ohun tí Sàláwù sọ ló ń yí i lọ́kàn. Òótọ́ ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ Òrò? Olè máa ń fi ohun tó jí pa mọ́ fún olóhun ni. Ṣùgbọ́n olè yìí gbé e lọ síbi tí olóhun á ti tètè gbọ́. Bí ẹni pé ó *fẹ́* kó gbọ́.

*

Ẹ̀rù ti ń ba Àfísù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ kankan. Ilé fíìmù rẹ̀ kò ju yàrá gbọọrọ kan tó ní bẹ́ǹṣì lọ.

"Ẹ má tì mí mọ́lé, ẹ̀yin màmá. Awakọ̀ kan ló gbé e wá láti gáréèjì. Wọ́n fi rán òun náà ni. Wọ́n ní kí n máa fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ọ̀fẹ́, mo fi Ọlọ́run búra. Èmi náà kà á sí oore."

Rúùtù jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Olè wo ló ń pín ẹrù olè lọ́fẹ̀ẹ́? Tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà ká wò ó."

Wọ́n wò ó. Fíìmù náà dára, Rúùtù ò rò pé á dára tó bẹ́ẹ̀. Olè kan ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọlọ́jà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí aṣọ eégún ló ń wọ̀ sá lọ, àwọn èèyàn sì ń yà fún un lọ́nà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọlọ́dẹ ọjà lé e wọ inú igbó, ó sì dì í mú.

Àwòrán bá ṣókùnkùn.

Ohùn ò dákẹ́. Nínú òkùnkùn náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọlọ́dẹ: "Ṣí i! Jẹ́ kí n rí ojú ẹ!" Aṣọ ya fàà. Àwọn èrò pariwo: "Yéè! Ìwọ!" Lẹ́yìn náà àwòrán padà dé, wọ́n ti de olè náà lókùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí.

"NEPA ni," ni Àfísù wí. "Ibi tí wọ́n bá ti ń dà á kọ, iná á ti lọ níbẹ̀. Àwọn èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tẹlifíṣọ̀n mi. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì ń bi mí pé ta ló wà lábẹ́ aṣọ."

"Bí iná bá lọ, ṣé ohùn á dúró?"

Rúùtù dìde, ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Wáyà àwòrán lọ́tọ̀, wáyà ohùn lọ́tọ̀. Ó fa ti àwòrán yọ. Tẹlifíṣọ̀n dúdú, ohùn ń lọ. Ó tì í padà, àwòrán dé.

"Kì í ṣe NEPA. Ẹnì kan jókòó ti ẹ̀rọ nígbà tó ń dà á kọ. Nígbà tó kan ibẹ̀ yẹn, ó yọ wáyà àwòrán. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ tán, ó dá a padà. Mọ́láyọ̀, kí ló wà níbẹ̀?"

"Ibi tí wọ́n ti ṣí eégún lójú ni," ni Mọ́láyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Kò sí ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí wọ́n máa sọ èyí fún lẹ́ẹ̀mejì. A kì í ṣí eégún lójú. Rúùtù kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú díẹ̀.

"Olè rèé," ló wí, "tó lè jí gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ gbé, àmọ́ tí kò lè jẹ ẹran kan tó wà nínú rẹ̀. Èèwọ̀ ni fún un."

"Ọ̀jẹ̀!" ni Mọ́láyọ̀ ké. "Ará ilé eégún ni! Baba Ọ̀jẹ̀túndé!"

*

Èsìẹ́ ni Baba Ọ̀jẹ̀túndé ń gbé, òun sì ni olórí ọ̀jẹ̀ ní agbo ilé wọn. Nígbà tí Rúùtù bi í bóyá inú ń bí i sí fíìmù náà, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Mọ́láyọ̀, o ò sọ fún ọlọ́pàá pé èmi ni mo dúró nídìí kámẹ́rà lọ́jọ́ náà?"

"Mo gbàgbé, Bàbá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Inú ọkọ̀ ni mo ní kó jókòó sí, torí obìnrin ni. Àwa ọkùnrin la yà á. Sájẹ́ǹtì, èyí tí wọ́n ṣí yẹn kì í ṣe ẹ̀kú, aṣọ eégún gidi. Àjákù aṣọ tí Suliat aránṣọ gán pọ̀ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí i. Olè tó bá fi aṣọ baba wa bojú kì í ṣe ará ọ̀run, ó yẹ káyé rí i."

"Àwọn ọ̀jẹ̀ tó kù ńkọ́? Ṣé wọn ò bínú?"

"Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ọ̀jẹ̀ àgbègbè yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán aṣojú wá, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀jẹ̀ kan tó wà nílé tí kò gbọ́."

Rúùtù dìde. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti sọ ọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kò sí ọ̀jẹ̀ kan *tó wà nílé* tí kò gbọ́. Ẹni tó gbọ́ ò ní bò ó. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọ̀jẹ̀ ò ní bìkítà. Ilé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n bí olè mi sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé."

Lójú ọ̀nà, Mọ́láyọ̀ mi orí. "Kò sí ọ̀jẹ̀ nínú àwọn máketà mi. Méjì ń kírun, ẹnì kan ń fi Bíbélì ṣe ìrọ̀rí."

"Ibi tí wọ́n ń lọ jọ́sìn lo mọ̀ yẹn. O ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Títí ibo lo fi fíìmù náà hàn wọ́n ní Sátidé?"

"Ìdajì péré. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ rí ìparí, kó kọ́kọ́ rà á."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Rúùtù rẹ́rìn-ín. "O gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Pe gbogbo wọn wá lọ́la. Sọ fún wọn pé o fẹ́ fi ìparí rẹ̀ hàn wọ́n."

*

Pálọ̀ Mọ́láyọ̀ kún. Sàláwù jókòó bí ẹni tó ti di ẹrù tán. Àyìsátù, obìnrin gíga tó ń fọ́ ẹ̀pà, ti bọ́ bàtà. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose wọ kóòtù funfun, ó sì ti gbàdúrà fún ilé, fún tẹlifíṣọ̀n, fún ilẹ̀ Ìgbómìnà.

"Arábìnrin Mọ́láyọ̀," ló wí, "mo gbọ́ aburú tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á sá. Èmi ò ní sá. Ìfẹ́ ló gbé mi dé ibí. Ẹ fọwọ́ sí i fún mi lónìí, n óò gbé fíìmù yìí sórí òkè, gbogbo ayé á sì rí i."

"Èló lẹ máa san?" ni Àyìsátù bi í.

"Ìyá, fíìmù tó ti wà nígboro, kí ni owó rẹ̀? Orúkọ ni mo fẹ́ fún un."

"Orúkọ! Ṣé ẹ wá sọmọ lórúkọ ni?"

Ṣùgbọ́n Rúùtù rí i tí Mọ́láyọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Sàláwù ń lọ. Tí Ìyá Fídíò bá tún lọ, kò ní sí ẹlòmíràn ju ọkùnrin aláṣọ funfun yìí. Àárẹ̀ ti mú ọmọ náà, orúkọ lásán sì ti ń jọ oúnjẹ lójú rẹ̀.

"Kí a tó dé ibẹ̀," ni Rúùtù wí, "ta ló ti rí ìparí fíìmù yìí nínú yín?"

"Kò sí," ni Sàláwù wí. "Ó pa á kó tó dùn."

Àyìsátù mi orí. Ambrose gbé ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, n kò rí i."

"Ó dáa. Mọ́láyọ̀, tẹ̀ ẹ́."

Rúùtù yí àga rẹ̀ padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó kọjú sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olè sá nínú tẹlifíṣọ̀n, Sàláwù na ọrùn. Ọlọ́dẹ lé e, Àyìsátù gbàgbé ẹ̀pà sí ọwọ́. Wọ́n wọ igbó. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, eré sísá nìkan ni ibẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀. Ọlọ́dẹ ò tíì bá olè, ká má tiẹ̀ sọ pé ó fọwọ́ kan aṣọ.

Ambrose tẹrí ba, ó sì di ojú méjèèjì pinpin.

"Pa á!" ni Rúùtù wí. Mọ́láyọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀.

"Háà! Kí ló dé?" ni Sàláwù ké.

"Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, kí lẹ ń ṣe?"

"Àdúrà ni mò ń gbà."

"Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń gbàdúrà? Wọn ò tíì ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Alájì ò mọ ohun tó ń bọ̀, ọrùn ló nà. Ìyá Fídíò ò mọ̀ ọ́n, kò lè jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń dijú?"

Ambrose rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ lásán lèyí, Sájẹ́ǹtì."

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, òótọ́ ni. Torí ẹ̀ ni mo fi rán kọ́ńsítébù lọ sí ilé àlejò tẹ́ ẹ dé sí. Ó ti bá ẹ̀rọ fídíò méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Àwọn yẹn ò ní aáyán nínú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ wá mú Mọ́láyọ̀ lọ sí ìkórè. Ó ń wé gèlè lọ́wọ́, ẹ̀yin nìkan wà ní pálọ̀ níbí. Ẹ bá wọn jó dé iwájú pẹpẹ, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta iṣu àti adìẹ ìkórè, ta ló mọ ẹni tó jáde? Ẹ padà wá bá wọn, ẹ tiẹ̀ bá Mọ́láyọ̀ gbé iṣu wọlé. Ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà."

"Kí ni n óò jèrè nínú gbígbé e lọ sí Òrò lọ́fẹ̀ẹ́?"

Àyìsátù ló dá a lóhùn.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀fẹ́ ni?"

Kóòtù funfun náà dà bí ẹni pé ó tóbi jù fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Ambrose jókòó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn ìwàásù ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, Ìgbómìnà pọ́nńbélé ló kù.

"Òkè-Onígbìn ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀jẹ̀ ni bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gba Jésù, n kò gbà pé ohun kan wà nínú eégún. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo ní n óò wò ó. Ọwọ́ mi ló lọ sídìí wáyà, Sájẹ́ǹtì. N kò rán an."

"Nígbà tí ọjà bá sì bàjẹ́ lójú àwọn tó kù," ni Rúùtù wí, "ẹ̀yin nìkan lẹ máa kù, ẹ ó sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́."

Kọ́ńsítébù mú un jáde. Mọ́láyọ̀ ò bú u. "Àjákù aṣọ ni," ló sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, jẹ́jẹ́. "Suliat aránṣọ ló gán an. Baba Ọ̀jẹ̀túndé fọwọ́ sí i." Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n lù.

*

"Ó dáa," ni Sàláwù wí. "Ẹ tẹ ìyókù."

"Ẹ ò ní ẹ ò rà mọ́?" ni Àyìsátù wí.

"Ta ní ń sọ ti rírà? Mo fẹ́ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ni."

Àyìsátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ? Àná ni mo kọjá ní Òrò. Ọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní baálẹ̀ inú fíìmù ni, ọ̀kan ní ìyàwó ọlọ́dẹ ni. Olè yẹn ò ba ọjà ẹ jẹ́, Mọ́láyọ̀. Ó ti polówó ẹ̀ fún ẹ láìgba kọ́bọ̀."

Sàláwù nàró lórí àga. "Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ o. Mo padà sínú ẹ̀. Mọ́láyọ̀, fún mi."

"Ẹ padà sínú ẹ̀ kẹ̀! Ẹni tó ti ń di ẹrù!"

Mọ́láyọ̀ yíjú sí Rúùtù. "Àǹtí, ta ni kí n mú?"

"Ọlọ́pàá ni mí. Mo lè sọ ẹni tó jí i. Ẹni tó máa tà á, ìwọ lo máa yàn án."

Ọmọ náà rò ó. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: níbo lẹ máa kọ́kọ́ gbé e lọ?

"Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlọrin," ni Sàláwù wí. "Ojú pátákó, iwájú pátápátá."

"Òrò," ni Àyìsátù wí. "Lónìí, bí ọjà bá ti ń tú. Ibẹ̀ la ti dá wọn lóró, ibẹ̀ la ti máa tán an fún wọn. Lẹ́yìn náà Òkè-Ọdẹ, lẹ́yìn náà ibi tí títì bá gbé wa dé. N óò tẹ kásẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn èyí. Ìwọ náà á sì bá mi lọ. O máa jókòó láàárín wọn, kó o gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tí ìwọ rò pé wọ́n á sunkún, kí èyí tó o máa yà tẹ̀ lé e lè dára ju èyí lọ."

Kò sọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mọ́láyọ̀ yọ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ẹ̀rọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n ń so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí Sàláwù jáde, inú ń bí i. "Ẹ dúró ná. Ta ló wà lábẹ́ aṣọ? Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin ti rí i?"

"Mo ti rí i. Mọ́láyọ̀ fi hàn mí lálẹ́ àná."

"Ta ni?"

"Ẹ lọ wò ó."

Àyìsátù tan ọkọ̀, Mọ́láyọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà Òrò. Alájì Sàláwù dúró nínú eruku wọn, ó fa fìlà rẹ̀ síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó wọ inú Pijó rẹ̀, kò sì yà sí ọ̀nà Ìlọrin.